Nọ́ọ̀tì Kẹrin

Òórùn kẹrosíìnì lórí irin tó ti dógùn-ún ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn kan lára àwa tí a jọ dàgbà ní Karu, lẹ́bàá olú ìlú, máa ń rántí òórùn kósè, ìyẹn àkàrà, tí àwọn obìnrin ń dín lẹ́bàá ọ̀nà, tàbí òórùn eruku pupa nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kàn án. Èmi náà mọ àwọn òórùn wọ̀nyẹn, mo sì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan, tí afẹ́fẹ́ sì gbé kẹrosíìnì àti ìpẹtà wá pọ̀, màá ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án padà kí n tó mọ̀. Màá tún wà lẹ́nu géètì ilé wa, ọyẹ́ á máa fẹ́, èmi á sì máa wo ọkùnrin kan tó ń bá nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo jà.

Ilé wa wà lẹ́yìn ọjà, ìdílé mẹ́rin ló sì ń gbé inú ọgbà náà. Ìdajì àgbàlá jẹ́ sìmẹ́ńtì, ìdajì tó kù jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ pupa tó máa ń bá wa wọ inú bàtà lọ sí ilé ìwé. Láàárọ̀, ariwo kẹ̀kẹ́ àwọn mairúwà tó ń ta omi ló ń jí wa, lẹ́yìn náà ni ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá láti wá wẹ̀. Ará Yàgbà ni àwọn òbí mi méjèèjì. Yorùbá ni wọ́n ń bá wa sọ nínú ilé, Gẹ̀ẹ́sì la sì fi ń dá wọn lóhùn, bí ẹ̀yin náà ṣe ń ṣe sí àwọn òbí yín. Ẹ má díbọ́n.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ọkọ̀, òun ló sì ń tọ́jú yàrá irinṣẹ́ wọn. Ó ń so táì lọ síbi iṣẹ́, síbẹ̀ gíríìsì kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Nínú ilé, ó ní àpótí irinṣẹ́ tirẹ̀, ó sì fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìdí sípánà kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé tòun ni. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n kì í yáni ní nǹkan. Ìyá mi ní tirẹ̀, bí ẹ bá ní kó yá yín ní abọ́ tó fi ń jẹun lọ́wọ́, á kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ni kó tó gbé e fún yín. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn jù.

Ní gbogbo Sátidé, bàbá mi á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á ku síńgílẹ́ẹ̀tì, á sì tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ àlòkù aláwọ̀ eérú kan tí kì í fẹ́ kí eruku bà lé. Èmi Mojí ni àkọ́bí, nítorí náà èmi ló ń pè. Kò béèrè bóyá mo fẹ́. Ó kàn máa ń na ọwọ́ sí mi láti abẹ́ ọkọ̀, á ní, "Mojí, mẹ́tàdínlógún," èmi á sì wá sípánà tí wọ́n kọ mẹ́tàdínlógún sí lára. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo ti lè fọwọ́ pa wọ́n kí n sì mọ nọ́ńbà wọn láìwò wọ́n.

Nọ́ọ̀tì tó bá há ló fẹ́ràn láti fi kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. "Má tíì fọwọ́ kàn án," ó máa ń wí. "Kọ́kọ́ wò ó. Kí ló dì í mú?" Bó bá jẹ́ ìpẹtà ló dì í mú, a ó da kẹrosíìnì sí i, a ó fi hámà gbá a pẹ́pẹ́ yí ká, a ó sì lọ jẹun kí kẹrosíìnì náà fi ráyè wọlé. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó dè é ló dè é jù, a ó ki páìpù bọ ọwọ́ sípánà kó lè gùn, a ó sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, a kì í já a. Bó bá wá jẹ́ pé igun rẹ̀ ló ti jẹ, a ó fi sípánà onígun méjìlá sílẹ̀, torí pé igun nọ́ọ̀tì ni ìyẹn máa ń dì mú, igun náà sì ni kò sí mọ́. Onígun mẹ́fà la ó mú, èyí tó ń di ìhà rẹ̀ mú. Bí ìyẹn náà bá yọ̀, ó ku ọ̀nà kan: sọ́kẹ́ẹ̀tì, sípánà oníhò tó ń bo orí nọ́ọ̀tì, èyí tó kéré sí i díẹ̀, kí a fi hámà gbá a wọ̀ ọ́ tipátipá. "Bí irinṣẹ́ kò bá bá a mu, má mú un rárá," ni bàbá mi máa ń fi parí ẹ̀kọ́ náà, mo sì gbọ́ ọ títí ó fi sú mi.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, a jí, a rí i tí ọkọ̀ náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù méjì. Wọ́n ti tú ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì lọ. Bàbá mi dúró tì í pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́ títí tíì náà fi tutù. Kò pariwo. Ohun tó kàn bi ìyá mi ni pé, "Ta ló yá jáàkì lánàá?" Bọ̀dá Mùfú ló yá a, ìyá mi ló sì gbé e fún un.

Bọ̀dá Mùfú ń gbé yàrá kan ní ìparí ọgbà wa. Mùsùlùmí láti ìhà Kabba ni, kò tíì gbéyàwó nígbà náà. Ó ń wa ọkọ̀ fún ọ̀gá kan ní Maitama, ó sì máa ń fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀ kó tó wọ bọ́ọ̀sì wálé pẹ̀lú gúgúrú nínú ọ̀rá fún àwa ọmọdé. Ó ti dá jáàkì náà padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó yá a gan-an, ó tiẹ̀ nù ún kó tó dá a padà. Kò sẹ́ni tó rí i nídìí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti dá ẹjọ́ rẹ̀ nínú ara rẹ̀, kò sì sọ ọ́ lójú rẹ̀. Láàárọ̀, Bọ̀dá Mùfú á dọ̀bálẹ̀ fún un, bàbá mi á ní, "Mùfú, ṣé dáadáa lo jí?" Bí bàbá mi bá ti padà wọlé tán, á ní, "Olè."

Lásìkò náà, olúkúlùkù ló ní ọgbọ́n tó ń dá sí ọ̀rọ̀ àwọn olè táyà. Àwọn kan ń fi ṣéènì so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ igi. Àwọn kan ní kí wẹ́dà jó nọ́ọ̀tì kan pọ̀ mọ́ irin. Bàbá mi ra táyà mìíràn, ó mú fáìlì irin, ó sì ha nọ́ọ̀tì kan lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan títí gbogbo igun rẹ̀ fi lọ, tó rí róbótó, tí sípánà kankan kò lè ríbi dì mú. Ó wá sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà kan tó kéré ju nọ́ọ̀tì náà lọ, ó gbá a wọ̀ ọ́, ó fi páìpù tẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀tì náà sì jáde. Ó dè é padà, ó nu ọwọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. N kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jí táyà rẹ̀.

Kò fi sọ́kẹ́ẹ̀tì náà sínú àpótí irinṣẹ́. Ó wé e sínú ìbọ̀sẹ̀, ó ki í bọ inú bàtà tó fi ṣègbéyàwó, ó gbé bàtà náà padà sínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá pè mí. "Èmi àti ìwọ nìkan ló mọ ibí yìí," ó wí. "Màmá rẹ ò gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí Mùfú bá ní kó gbé e wá, á gbé e fún un. Ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́, sọ pé o ò mọ̀." Mo ní, "Yes, Dádì." Wọn kò fi mí ṣe mọ́nítọ̀ ní kíláàsì wa rí, ṣùgbọ́n nínú ilé, bàbá mi fọkàn tán mi ju ìyá mi lọ. Bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ń sọ àṣírí wọn fún ara wọn lábẹ́ tábìlì nílé ìwé, èmi á kàn dákẹ́, màá máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí àgbàlagbà.

Tósìn ló tẹ̀ lé mi, ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ó ní ásímà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àyà rẹ̀ á máa dún fíì-fíì láti ìdájí, ìyá mi á gbé ike bulúù kékeré kan sí i lẹ́nu, á ní kó fà á, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ara rẹ̀ á balẹ̀. Eré kan ṣoṣo tó mọ̀ ni kó jókòó sídìí ọkọ̀ bàbá wa, kó máa yí ìdarí, kó máa fi ẹnu pariwo bí ẹ́ńjìnnì. Bí èémí rẹ̀ bá ti gé, á yíjú sí mi, á ní, "Àǹtí Mojí, epo ti tán." Màá ṣe bí ẹni tó ń da epo sí i létí, á rẹ́rìn-ín, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ní àárọ̀ tí mò ń sọ yìí, epo ti wọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin náà á rántí irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí títì Keffi yẹn á dá páropáro, tí ọlọ́kadà á gbé ọkàdà rẹ̀ tì sẹ́yìn ilé. Bàbá mi tọ́jú epo díẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀ de ọjọ́ tí nǹkan bá le, ó sì ń bá bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí. Ilé ìwé ti gba ìsinmi. Ike bulúù Tósìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bàbá mi sì ṣèlérí pé òun á ra òmíràn bọ̀ láti ìgboro.

Nígbà tó ń lọ bí aago mẹ́jọ, Tósìn bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi fi ìpara gbígbóná ra á láyà, ó fún un ní omi lílọ́wọ́ọ́, ó gbé e jókòó sójú fèrèsé. Ó mi ike náà títí, kò sí ohun tó jáde níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọmọ náà kò lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí, ìyá mi sáré lọ kan ilẹ̀kùn Bọ̀dá Mùfú. Òun nìkan ló mọ ọkọ̀ wà nínú ọgbà tó sì wà nílé, torí ọ̀gá rẹ̀ ti rìnrìn àjò. Fóònù alágbèéká ṣì jẹ́ ohun tí à ń rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá nígbà náà, kò sí bí a ṣe fẹ́ pe bàbá mi.

Bọ̀dá Mùfú jáde pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́nu. Ó wo Tósìn lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ wá, Mọ́mì Mojí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ìgbà tí a dé ìdí ọkọ̀ la rí i pé táyà iwájú lápá òsì ti jò pátápátá, ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ náà ti wà lójú kan. Ó ní òun á wà á bẹ́ẹ̀. Kò tíì kúrò lẹ́nu géètì tí táyà náà fi bọ́ kúrò lára irin, tó há sábẹ́ ọkọ̀. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn.

Ìyá mi ní, "Ṣé kí n kúkú pọ̀n ọ́n, kí n máa fẹsẹ̀ sáré lọ?" Ilé ìwòsàn tó lè gbà á wà ní ìhà Nyanya, ìrìn bíi wákàtí kan. Bọ̀dá Mùfú ti ń kó jáàkì, páìpù àti sípánà jáde nínú búùtù. Ó ní, "Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni, Mọ́mì. Kò ní gbà wá tó ìṣẹ́jú márùn-ún." Mo ti rò ó láìmọye ìgbà, n kò sì rí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí ẹnikẹ́ni tó mọ ọkọ̀ á sọ nìyẹn.

Èkíní jáde. Èkejì jáde. Ẹ̀kẹta ṣe agídí díẹ̀, ó fi páìpù tẹ̀ ẹ́, ó jáde. Ìyá mi gbé Tósìn lé èjìká, ó ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Bọ̀dá Mùfú gbé sípánà lé ẹ̀kẹrin, sípánà yí lórí rẹ̀ láìdì í mú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó fi àtàǹpàkò ra á.

"Kai," ó rọra wí. "Ta ló ha nọ́ọ̀tì yìí?" Ìyá mi kò mọ̀. Ó yíjú sí mi. "Mojí, ìwọ lo máa ń bá Dádì ṣe é. Kí ni wọ́n fi ń tú eléyìí?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. N kò rò ó rárá. Ohun tí bàbá mi kọ́ mi ni mo sọ, ẹni tí bàbá mi sì kọ́ mi láti sọ ọ́ fún gan-an ni mo sọ ọ́ fún. Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà mí. Mo rò pé nǹkan kan á wà nínú àpótí irinṣẹ́ tó máa ṣe é. Mo tún rò ó bí ọmọdé pé, ṣebí olè táyà ni Bọ̀dá Mùfú, kò sí bí olè táyà kò ṣe ní mọ bí wọ́n ṣe ń tú nọ́ọ̀tì.

Ìyá mi gbé àpótí náà jáde. Mo dúró, mo ń wo Bọ̀dá Mùfú bó ṣe ń ṣa irinṣẹ́, gbogbo èyí tó mú ni mo mọ̀ pé kò ní ṣe é. Ó mú sípánà onígun méjìlá, ó yọ̀, ìka rẹ̀ gbá irin, ẹ̀jẹ̀ jáde. Ó da kẹrosíìnì sí i. Òórùn náà gba gbogbo ẹnu géètì, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìpẹtà ló dì í mú. Ó rí sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà kan, ṣùgbọ́n ti nọ́ọ̀tì tí igun rẹ̀ pé ni, ó fẹ̀ jù fún èyí. Ó fi ẹ̀mú dì í. Ó gbé irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ lé e, ó ń fi hámà gbá a láti ẹ̀gbẹ́, irin náà ń ta iná, nọ́ọ̀tì kò mira. Ó ku ohun kan, ó wà nínú bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ mi ò kúrò nílẹ̀.

Ìyá mi wá sọ̀rọ̀. Èdè Yàgbà ló fi sọ ọ́, èyí tí kì í bá wa sọ àfi tí ẹ̀rù bá bà á. Ó ní kí n rántí dáadáa, ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí bàbá mi máa ń lò. Mo mi orí pé kò sí.

Èyí ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ti àkọ́kọ́, bàbá mi ló fi í sí mi lẹ́nu. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì jẹ́ tèmi. Mo ti sọ pé n kò mọ̀, bí mo bá wá ní mo mọ̀, mo ti di onírọ́ lójú ìyá mi, irọ́ sì ni ohun kan ṣoṣo tó máa ń torí ẹ̀ nà wá. Ẹgba ni mò ń sá fún. Àbúrò mi ń wá èémí níwájú mi, èmi ń ro ti ẹgba.

N kò mọ iye ìṣẹ́jú tó kọjá. Mo mọ̀ pé oòrùn ti kúrò lórí òrùlé, ó ti sọ̀kalẹ̀ sára ògiri ilé kejì. Obìnrin kan tó ń lọ sọ́jà dúró, ó ní ká rán ẹnì kan lọ wá ọkàdà, ẹni tó lọ kò padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá mi ṣí ìró rẹ̀ láti pọn Tósìn, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún so ó padà, torí pé mẹ́ta ti jáde, ẹyọ kan ló kù. Ó ń sọ ọ́ fún ọmọ náà létí pé, "Ó ti kù díẹ̀, ó ti kù díẹ̀."

Tósìn wá yíjú sí mi lórí èjìká rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó pa dé, kò sí ohùn níbẹ̀. N kò mọ ohun tó fẹ́ sọ, mo sì ti gbìyànjú gan-an láti má rò ó.

Mo sáré. Mo fa páálí jáde, mo da bàtà náà dé, mo mú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà dání pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi ti kọ ẹ̀yìn sí wa nígbà tí mo dé, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ. Bọ̀dá Mùfú gbà á, ó wò ó, ó wò mí. Ó gbá a wọ nọ́ọ̀tì náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ki páìpù bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀tì kẹrin ké, ó jáde. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Ó so táyà sípéà tó wà nínú búùtù mọ́ ọn, ó fi nọ́ọ̀tì méjì péré dè é, a sì gbéra. Ọ̀nà ṣófo, ó ń sáré. Èmi wà níwájú, ìyá mi àti Tósìn wà lẹ́yìn. A ti ń rí òrùlé ilé ìwòsàn náà lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí n kò gbọ́ ohùn ìyá mi mọ́. Bọ̀dá Mùfú wo inú dígí, kò sì dẹ eré sísá. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì kan sì padà wá bá wa kí a tó jókòó dáadáa. "Mádààmú," ó wí, "ká ní ẹ tètè dé ni." Kò fi ibi sọ ọ́, ọmọbìnrin kékeré ni òun náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá wa wálé, ó sì ń gbé pẹ̀lú wa di òní.

Bàbá mi dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ike bulúù tuntun nínú ọ̀rá. N kò ní sọ bó ṣe rí nígbà tó rí èrò nínú pálọ̀. Nígbà tó yá, ó jáde lọ síbi ọkọ̀, èmi náà sì tẹ̀ lé e jáde. Ó rí i pé nọ́ọ̀tì méjì ló wà lórí ẹsẹ̀ náà. Ó ṣí búùtù, sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀ lórí àpò, nọ́ọ̀tì róbótó náà ṣì há sínú rẹ̀. Ó dì í mú, ó béèrè pé, "Ta ló mú eléyìí jáde?"

Bọ̀dá Mùfú jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́nu géètì, ó ti fi àkísà di ìka rẹ̀. Ó dìde. "Inú búùtù yẹn náà ni mo ti rí i, Dádì Mojí," ó wí. "Ó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. N kò tètè rí i ni."

Bàbá mi mọ ibi tó fi í sí. Ó wo Bọ̀dá Mùfú, ó wá wò mí, ó pẹ́ tó ń wò mí. Ó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì náà sápò, ó wọlé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ fún ẹnì kejì.

Ìyá mi nìkan ni kò mọ̀. Òun ló sì gbé gbogbo rẹ̀ lérí. Bí àwọn obìnrin ìjọ bá wá kí i, á ní, "Ká ní mo pọ̀n ọ́n ni, kí n máa lọ." Bí ọyẹ́ bá dé lọ́dọọdún, á sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ nínú kíṣìnì, mo ti gbọ́ ọ nínú àdúrà rẹ̀: ká ní mo pọ̀n ọ́n. Ó gbà gbọ́ pé ìdúró òun lẹ́nu géètì ló pa ọmọ òun.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́rin, ọwọ́ tẹ àwọn olè táyà ní àdúgbò kejì sí wa, àjèjì ni wọ́n. Bàbá mi gbọ́ ọ. Nígbà tí Ramadan dé, ó ra ṣúgà àti dàbínù, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà Bọ̀dá Mùfú fúnra rẹ̀. Bọ̀dá Mùfú dọ̀bálẹ̀ fún un bó ṣe máa ń ṣe. Ó kó lọ sí àdúgbò Life Camp lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì gbéyàwó níbẹ̀. Àpá ìka yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wá síbi ìgbéyàwó mi.

Mo ti di ìyálọ́mọ báyìí, mo sì ní ọkọ̀ tèmi. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà, páìpù, hámà, ìgò kẹrosíìnì kékeré, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú búùtù mi, gbogbo ará ilé mi ló sì mọ ibi tí wọ́n wà. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, mo máa ń tú gbogbo nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, màá fọ̀ wọ́n, màá dè wọ́n padà. Ọkọ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹ̀ títí ó fi sú u.

Lóṣù tó kọjá, mo ń tú wọn nílé àwọn òbí mi ní Karu, lẹ́nu géètì yẹn náà. Ọ̀kan há. Mo wò ó: igun rẹ̀ pé, kò dógùn-ún, fọkanáísà tó bá mi lẹ táyà ló dè é jù. Mo mú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá a mu, mo ki páìpù bọ ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, Ọlá, ń bá mi di àwọn tó ti jáde mú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì gbàgbé wọn nígbà tí aláǹgbá kan kọjá. Mo dúró, mo ń wò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ṣẹjọ́ bí ẹni pé àgbàlagbà ni, n kò mọ̀ pé ó kéré tó báyìí.

Bàbá mi jókòó sórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Kò sí ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà, ó kàn sọ ọ́ ni.

"Mojí, kì í ṣe inú búùtù ni Mùfú ti rí i."

Mo ní, "Mo mọ̀, Dádì."

"Èmi ni mo ní kí o má sọ."

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń retí rẹ̀. Mo rò pé bó bá sọ ọ́, màá sunkún, tàbí kí nǹkan kan fúyẹ́ láyà mi. Páìpù wà lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ ohun tó yẹ kí n fi ọwọ́ náà ṣe. Fèrèsé kíṣìnì wà ní ṣíṣí lókè orí wa. Ìyá mi yọjú, ó ń nu ọwọ́ lára ìró rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun tán.

"Kí lẹ ní kó má sọ?" ó béèrè.

Bàbá mi sọ orí kọ́. Ìyá mi wò mí láti ojú fèrèsé, ó ń dúró de ìdáhùn, bó ṣe dúró lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ọmọ lórí èjìká. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gba ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ̀. Mo ti dàgbà, kò sẹ́ni tó máa nà mí.

Mo ní, "Kò sí nǹkan, Mọ́mì."